Ọmọ tí ara rẹ̀ kì í gba ẹ̀pà: ṣé ó lè jẹ oúnjẹ ilé ìwé, ṣé ó lè jẹun ní bùkà?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Abẹ́òkúta ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọbìnrin mi pé ọmọ ọdún márùn-ún lóṣù tó kọjá. Níbi ọjọ́ ìbí ọmọ kan ní kíláàsì wọn, wọ́n fún un ní dọ̀ǹkùwà. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ètè rẹ̀ fi wú, ara rẹ̀ sú wúruwùru, ó bì, ohùn rẹ̀ sì há. Nọ́ọ̀sì ilé ìwé fún un ní Piriton. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ kí ó tó balẹ̀. Dókítà ní áléjì ẹ̀pà ni. Ìyá ọkọ mi ní èèwọ̀ ni, pé kí n máa bu ẹ̀pà díẹ̀díẹ̀ sínú ẹ̀kọ rẹ̀ kí ó lè mọ́ ọn lára. Ilé ìwé ní àwọn ò lè dá ìkòkò ọ̀tọ̀ kaná nítorí ọmọ kan. Láti ìgbà náà, nóòdù àti bisikíìtì ni mo ń dì fún un. Mo ti gba ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí lẹ́nu rẹ̀ nítorí ẹ̀rù, a kì í sì jáde lọ jẹun mọ́. Ṣé bí a ó ṣe máa bá a lọ nìyí?"

Ìyá ọmọ, ẹ kú ìpayà o. Ọlọ́run ò ní í jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Ohùn tó há yẹn ni mo kọ́kọ́ dúró lé lórí nínú lẹ́tà yín, torí òun ló sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó. Bí ara bá kàn sú, ó lè yún un títí kó sì lọ. Ṣùgbọ́n bí ara sísú, èébì àti ohùn híhá bá jọ dé láàárín ogún ìṣẹ́jú, ọ̀nà ọ̀fun ló ti ń wú un, ẹni tó gún un lábẹ́rẹ́ sì ṣe iṣẹ́ ńlá. Ẹ̀rù tó ń bà yín tọ́. Ibi tí ẹ̀rù náà darí yín sí ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, torí ó ti gba oúnjẹ tó dára lẹ́nu ọmọ yín, kò sì tíì dí ibi tí ewu gan-an ń gbà wọlé. Iṣẹ́ oúnjẹ àti ìlera ni mo ń ṣe. Mo ṣe é nílé ìwòsàn ní Ìbàdàn, mo sì lo ọdún díẹ̀ nínú ilé ìdáná àwọn ilé ìwé ní London kí n tó padà wálé. N kì í ṣe dókítà, n kò sì fojú kan ọmọ yín. Ohun tó bá jẹ mọ́ àyẹ̀wò àti ìwọ̀n oògùn, lẹ́nu dókítà rẹ̀ ni kí ẹ ti gbà á.

Àṣìṣe àwọn ẹ̀ṣọ́ ara là ń pè ní áléjì. Ara wa ní ẹ̀ṣọ́ tó ń bá kòkòrò àìsàn jà. Nínú ara àwọn kan, ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí máa ń ṣi oúnjẹ kan mú fún ọ̀tá. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, wọ́n lè máà ṣe ju pé kí wọ́n fi ojú sí i lára lọ. Lọ́jọ́ tó bá tún padà wá ni wọ́n á tú ohun ìjà jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ara á máa yún, ètè àti ojú á wú, inú á dà rú, mímí á di iṣẹ́, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn á sì já wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá fi máa ń sọ fún mi pé "ó kúkú ti jẹ ẹ́ rí, nǹkan kan ò ṣe é." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, àmọ́ jíjẹ ti àtijọ́ kò dáàbò bo tòní. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí méjì ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe kó o pọ̀ mọ́ ti àgbàlagbà tí inú rẹ̀ ń kùn, tó ń yàgbẹ́ gbuuru bó bá mu mílíìkì. Ìyẹn jẹ́ pé ikùn rẹ̀ kò lè da ṣúgà inú wàrà mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń ni ènìyàn lára, ṣùgbọ́n kì í dí ọ̀fun. Bẹ́ẹ̀ náà ni oúnjẹ tó ti bàjẹ́: gbogbo ẹni tó bá jẹ nínú rẹ̀ ló lè dà láàmú, nígbà tó jẹ́ pé áléjì á mú ẹnì kan láàárín ogún ènìyàn tó jọ jẹun nínú ìkòkò kan náà.

Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ má bá wọn jà. Èèwọ̀ tí wọ́n pè é, ó ní apá kan tó lè ràn yín lọ́wọ́ gan-an. Ara ò mọ èèwọ̀ ìdílé, lóòótọ́, ọmọ tí kò sí ẹlẹ́èèwọ̀ kankan nínú ẹbí rẹ̀ lè ní áléjì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa mọ bí wọ́n ṣe ń pa èèwọ̀ mọ́ ju bí ẹnikẹ́ni ṣe mọ ọ̀rọ̀ áléjì lọ. Nínú ilé tí ìyàwó kì í ti í jẹ òkété, wọn kì í fi ìgbákọ tí wọ́n fi bu ọbẹ̀ òkété bu ọbẹ̀ tirẹ̀. Wọn kì í sọ pé ó kéré. Wọn kì í sọ pé a ti yọ ẹran rẹ̀ kúrò, kó máa jẹ omi ọbẹ̀. Irú ìṣọ́ra tí áléjì ń béèrè gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ bi Màmá tìfẹ́tìfẹ́: "Mà, bó bá jẹ́ èèwọ̀ ni, ṣé a máa ń bu èèwọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ẹni tó ni ín kó lè mọ́ ọn lára?" Mo ti gba ìyá kan nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ rí, láti ọjọ́ náà ni màmá tó kọ́kọ́ ń ṣàtakò ti di olórí ọlọ́dẹ ilé ìdáná. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gba kúlíkúlí lọ́wọ́ àlejò lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ "díẹ̀díẹ̀" yẹn kò ṣàdédé wá o, ó yẹ kí ẹ mọ ibi tó ti wá kí ẹ lè fi ẹ̀rí dá a dúró. Ní 2008, àwọn olùwádìí fi àwọn ọmọ Júù ní Bírítéènì wé àwọn ọmọ Júù ní Ísírẹ́lì. Níbi tí wọ́n ti ń tètè fún ọmọ ní oúnjẹ ẹlẹ́pà, ìyẹn ní Ísírẹ́lì, áléjì ẹ̀pà kéré sí ti Bírítéènì ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gideon Lack àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá dán an wò lára ìkókó 640 ní London, àwọn tó wà láàárín oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá, tí wọ́n ti ní ifo líle lára tàbí áléjì ẹyin. Èsì rẹ̀ jáde ní 2015: lára àwọn tó ń jẹ ẹ̀pà láti ìkókó, áléjì náà fi nǹkan bí ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tó yàgò fún un nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ìdènà nìyẹn. Ọmọ tí kò tíì ní in ló wà fún. Fún ọmọ tó ti ní in, ìtọ́jú kan wà tí wọ́n ń fi lẹ́búlẹ́bú ẹ̀pà tí a wọ̀n dé ìdá gíráàmù ṣe, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí irú rẹ̀ kan ní oṣù kìíní 2020 fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́tàdínlógún. Iwájú dókítà ni wọ́n ti ń gba ìwọ̀n àkọ́kọ́ àti gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi kún un, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ nítòsí, torí àwọn ọmọ kan máa ń ní ìkọlù lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀pà tí a fi ojú wọ̀n sínú ẹ̀kọ nílé kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, kó má ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá tún bímọ, kí ẹ tètè bá dókítà sọ ọ́ kí ọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fún un ní ẹ̀pà, lílọ̀ kúnná tí a pò mọ́ ẹ̀kọ ni o, torí kóró ẹ̀pà lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lọ́fun.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí. Ẹbí kan náà ni ẹ̀pà àti ẹ̀wà, èyí ló ń mú kí àwọn ènìyàn máa fi ọkàn kan náà sá fún méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ara wọn kì í gba ẹ̀pà ló ń jẹ ẹ̀wà láìsí wàhálà. Bí ọmọ yín bá ti ń jẹ ẹ̀wà, àkàrà àti mọ́ínmọ́ín tẹ́lẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣe é, kò sí ìdí tí ẹ fi gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà, kí ẹ sì dá a padà fún un. Ẹ̀gúsí kì í ṣe ẹbí ẹ̀pà rárá, ẹbí elégédé ló wà. Ọ̀fíọ̀, tí òyìnbó ń pè ní "tiger nut", kì í ṣe ẹbí ẹ̀pà, bí iṣu kéékèèké ló ṣe ń ta sínú ilẹ̀. Kájú yàtọ̀. Òun náà kì í ṣe ẹ̀pà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan máa ń ní áléjì méjèèjì pọ̀. Ẹ má fún un títí dókítà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ti àyẹ̀wò, oríṣi méjì ni ẹ ó máa gbọ́: èyí tí wọ́n ń kán sí ojú awọ tí wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín họ ibẹ̀, àti èyí tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ ṣe. Ohun tí méjèèjì ń sọ ni pé ẹ̀ṣọ́ ara ti mọ oúnjẹ náà lójú. Wọn kò lè sọ pé dandan ni kí ó kọlù ú. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò oúnjẹ ogún fún, tí méje "jáde", tí ìyá rẹ̀ sì gba méjèèje kúrò títí ọmọ fi rù kan eegun. Nígbà tí dókítà jókòó tì í tí wọ́n dán wọn wò ní ìkọ̀ọ̀kan, ọ̀kan péré ló ń bá a jà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn jíjẹun ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí àyẹ̀wò tẹ̀ lé e.

Ẹ̀dùn ni nóòdù àti bisikíìtì yẹn jẹ́ fún mi. Mo mọ ìdí tí ẹ fi ń ṣe é: inú ọ̀rá tí a lẹ̀ pa ló ti wá, ẹ lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ló pọ̀ nínú ọ̀kan, ṣúgà àti ọ̀rá nínú èkejì, wọn kò sì ní ohun tí ẹ̀pà ń fún ọmọ. Nínú gíráàmù 100 ẹ̀pà, nǹkan bíi 25 ni èròjà tó ń mú ara dàgbà. Ẹ̀wà gbígbẹ ní tó 23. Ẹ rí i pé ohun tó lè dípò ẹ̀pà gan-an ni ẹ gbà mọ́ ọn. Ẹyin kan ní bíi mẹ́fà, ẹja náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá tún ń fi ohun mímu aládùn tì í, ẹ rántí pé igo sẹ̀ǹtílítà 50 lè ní ṣúgà tó gíráàmù 50, bíi kóró ṣúgà méjìlá. Omi àti ọsàn ò ní ẹ̀pà nínú.

Ibo wá ni ẹ̀pà ń gbà wọlé? Ẹ̀pà tí a ń rí kì í sábà ṣe wàhálà, ọmọ ọdún márùn-ún lè dá a mọ̀ kó sá fún un. Èyí tó ti di lẹ́búlẹ́bú, tó ti di òróró, tó ti kan ọbẹ, òun ni kí ẹ máa ṣọ́. Yájì tí wọ́n ń wọ́n sórí súyà, kúlíkúlí lílọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ gbàgbé súyà pátápátá, títí kan èyí tí wọ́n ní àwọn ò wọ́n nǹkan sí, torí ọbẹ kan náà, pákó kan náà ni. Dọ̀ǹkùwà, ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí. Kúnù wà tí wọ́n ń fi ẹ̀pà ṣe, ó sì lè jọ ti ọkà bàbà lójú. Ẹ̀gúsí tí ọmọ yín lè jẹ, àwọn kan máa ń lọ ẹ̀pà mọ́ ọn kí ó lè pọ̀, kí ọbẹ̀ sì ki. Bí wọn ò tilẹ̀ lọ̀ ọ́ mọ́ ọn, ẹ̀rọ ìlọta ọjà tó lọ ẹ̀pà tán lówùúrọ̀ ló lọ ẹ̀gúsí yín lọ́sàn-án, àwọn tó ni ẹ̀rọ kì í sì í fọ̀ ọ́ láàárín. Ẹ ra ẹ̀gúsí lódidi kí ẹ máa lọ̀ ọ́ nílé. Òróró ẹ̀pà oríṣi méjì ló wà. Èyí tí ilé iṣẹ́ ńlá sẹ́ dáadáa, èròjà tó ń fa áléjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀. Èyí tí àwọn tó ń ṣe kúlíkúlí fún sínú kẹ́ẹ̀gì, ó ṣì wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹ kò lè fi ojú mọ ìyàtọ̀ nínú agbada alákàrà, nítorí náà ẹ lo òróró mìíràn nílé, kí ẹ sì yẹra fún díndín níta. Sísè tàbí yíyan kò pa á. Ẹ̀pà yíyan tiẹ̀ máa ń le ju sísè lọ, ṣùgbọ́n méjèèjì ni kò gbọ́dọ̀ jẹ. Lára páálí, ẹ máa wo "groundnut", "peanut" àti "arachis", torí orúkọ ohun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun kan ló yẹ kó fọkàn yín balẹ̀: òórùn ẹ̀pà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń jẹ ẹ́ lókèèrè kì í sábà fa irú ìkọlù tí ẹ rí yẹn. Kó tó le bẹ́ẹ̀, ó sábà gbọ́dọ̀ dé ẹnu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo mú ọmọ kan tí mo ń tọ́jú àti ìyá rẹ̀ lọ sí ilé oúnjẹ kan, kí n lè fi hàn wọ́n pé ó ṣeé ṣe. Mo bi ọmọ tó ń gbé oúnjẹ kiri bóyá wọ́n fi ẹ̀pà sí oúnjẹ náà. Ó ní rárá. Mo bi ẹni tó ń gbowó, òun náà ní rárá. Ọmọ jẹ ọbẹ̀ náà, ara rẹ̀ sú láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ilé, alásè là mí lóye pẹ̀lú omijé lójú: kò fi ẹ̀pà sí i, lẹ́búlẹ́bú kúlíkúlí díẹ̀ ló fi mú ọbẹ̀ náà ki. Lọ́kàn rẹ̀, ẹ̀pà ni èyí tó ní kóró. Kò purọ́. Èmi ni mi ò mọ ìbéèrè bi, mo sì bi ẹni tí kò sí nídìí ìkòkò. Láti ọjọ́ náà, n kì í bi ẹnikẹ́ni pé "ṣé ẹ̀pà wà níbẹ̀?" Mo máa ń ní kí alásè fúnra rẹ̀ jáde, màá ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi ka gbogbo ohun tí ẹ fi se ọbẹ̀ yìí, kí ni ẹ fi mú un ki, òróró wo ni ẹ lò, níbo ni ẹ ti lọ ẹ̀gúsí yín?" Ẹ sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà fún wọn. "Áléjì" lásán, àwọn kan á rò pé oúnjẹ ni kò wù ú. Bí ẹ bá ní "ọ̀fun rẹ̀ máa ń dí, kò ní í lè mí," kò sí abiyamọ tó máa fi ṣeré.

Nítorí náà, ẹ lè jáde lọ jẹun. Ẹ lọ kí èrò tó dé, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, nígbà tí alásè ṣì ráyè dáhùn, tí ìgbákọ kò sì tíì máa ti inú ìkòkò kan bọ́ sí èkejì. Ẹ yan oúnjẹ tí ohun inú rẹ̀ kò pọ̀: iṣu sísè tàbí ìrẹsì funfun, ẹyin sísè tí wọ́n bó níwájú yín, ẹja tútù tí wọ́n sè lọ́tọ̀, ewédú lásán. Bí ìdáhùn alásè bá ń fì, ẹ dúpẹ́, kí ẹ dìde. Kò sí ilé oúnjẹ tó lè fi gbogbo ẹnu ṣèlérí fún yín, ẹni tó bá sì yára sọ pé "kò séwu, kò séwu" ni mo máa ń bẹ̀rù jù. Ní Bírítéènì, òfin gba apá kan iṣẹ́ yìí ṣe. Ní 2016, Natasha Ednan-Laperouse, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, jẹ búrẹ́dì oníyànmọ̀tí tí wọn kò kọ yànmọ̀tí sí lára, ó sì kú. Àwọn òbí rẹ̀ jà títí òfin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá 2021: oúnjẹ tí ilé ìtajà bá fúnra rẹ̀ dì kí oníbàárà tó dé, gbogbo èròjà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára ọ̀rá, kí a sì kọ àwọn mẹ́rìnlá tó máa ń fa áléjì kó hàn ketekete. Ó kan àwọn ènìyàn wa tó ń di mọ́ínmọ́ín tà ní London náà, torí ẹyin, ẹja àti edé inú rẹ̀ wà nínú mẹ́rìnlá yẹn. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ṣiṣẹ́ lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ rí i pé ìwé lára ọ̀rá kò tíì fọ ìgbákọ rí. Alásè ló ń fọ̀ ọ́.

Ilé ìwé ní àwọn ò lè dá ìkòkò kaná. Ẹ gbà fún wọn, torí ìkòkò ọ̀tọ̀ kọ́ ni ẹ nílò. Ẹ gba ìwé oúnjẹ ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ jókòó ti alásè fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, ohun tí mo sábà máa ń bá ni pé ẹ̀pà wà nínú oúnjẹ ọjọ́ kan tàbí méjì péré, tó sì ṣeé yọ fún gbogbo ọmọ: kí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí máà ní ẹ̀pà lílọ̀, kí òróró inú kẹ́ẹ̀gì yí padà. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ní ọjọ́ tí kò bá ṣeé yọ, ẹ di tirẹ̀ wá láti ilé, kó jọ ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ó bá ti lè jọ tó, kí ojú má baà ti í. Fún ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní ilé ìwé ìjọba, níbi tí ètò oúnjẹ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016 fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kìíní sí ìkẹta bá ti ń lọ, àwọn obìnrin àdúgbò ni wọ́n gbà láti máa sè é, bí Ọ̀ṣun ti ṣe nígbà tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ṣáájú ní 2012. Ẹ lè mọ ilé alásè náà, ẹ sì lè kí i lójú ọ̀nà. Àǹfààní ńlá nìyẹn, mi ò ní irú rẹ̀ ní London, níbi tí oúnjẹ mìíràn ti ń wá látinú ọkọ̀.

Àwọn òbí kan máa ń fẹ́ kí ilé ìwé fòfin de ẹ̀pà pátápátá. Mo ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ṣe é. Kò burú, àmọ́ ó máa ń mú kí olùkọ́ sinmi, bẹ́ẹ̀ ọmọ kan á ti fi dọ̀ǹkùwà sápò wọlé. Ohun tí mo fara mọ́ jù ni pé kí páàkì ọjọ́ ìbí máa lọ sílé láìtú, kí òbí kọ̀ọ̀kan tú ti ọmọ rẹ̀. Páàkì ló ṣe ọmọ yín ní jàǹbá, ìkòkò ilé ìwé kọ́. Kí gbogbo kíláàsì máa fi ọṣẹ àti omi fọwọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Sànítáísà tí wọ́n so mọ́ ẹnu ọ̀nà kì í mú ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́, ó kàn ń pa kòkòrò ni.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló kù, n kò sì ní í fi bò yín lójú. Piriton tí nọ́ọ̀sì fún un ń mú yíyún lọ sílẹ̀, kò lè ṣí ọ̀fun tó ń dí. Adrenaline ni oògùn rẹ̀, inú iṣan itan lápá ìta ni wọ́n ń gún un sí, a kì í sì í dúró wò ó bóyá yóò rọlẹ̀. Kálámù tí a ń gbé kiri tí oògùn náà ti wà nínú rẹ̀, irú EpiPen, ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa, owó rẹ̀ sì ga. Ní Bírítéènì, láti oṣù kẹwàá 2017 ni òfin ti gba ilé ìwé láyè láti ra a pamọ́ láìsí ìwé dókítà. Tiwa kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bi dókítà yín bóyá ẹ lè rí kálámù náà rà, tàbí bóyá wọ́n lè fún yín ní ti inú ìgò kékeré pẹ̀lú abẹ́rẹ́, kí wọ́n sì kọ́ ẹ̀yin àti nọ́ọ̀sì ilé ìwé bí a ṣe ń fà á àti ìwọ̀n tó bá ọmọ náà mu. Bí méjèèjì kò bá ṣeé ṣe, ẹ lọ wádìí nísinsìnyí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ilé ìwé jù tí adrenaline kì í tán níbẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ḿbà ọkọ̀ tó máa gbé e sára ògiri kíláàsì. Kí ẹnikẹ́ni má fi epo pupa rọ ọ́. Mo mọ̀ pé òun ni a máa ń sáré wá nígbà tí a bá rò pé ènìyàn jẹ májèlé, ṣùgbọ́n ọ̀fun tó ń wú lè darí epo sí ẹ̀dọ̀fóró, àkókò tó yẹ kí a fi wà lọ́nà ilé ìwòsàn á sì ti lọ. Kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀. Bí mímí bá nira, kó fẹ̀yìn ti nǹkan, kí wọ́n má jẹ́ kó dìde rìn. Bí ara rẹ̀ bá sì ti balẹ̀, kó ṣì wà lọ́dọ̀ wọn fún wákàtí mélòó kan, torí ó lè tún padà láìtún kan ẹ̀pà.

Èyí tó máa le jù ni ti ọmọ náà fúnra rẹ̀. A ti kọ́ ọ pé bí àgbà bá na oúnjẹ sí i, kó kúnlẹ̀ gbà á. A ti kọ́ ọ pé ọmọ tó dáa máa ń bu tirẹ̀ fún ọ̀rẹ́. Ẹ má gba ìwà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ tó máa lò. Kó kúnlẹ̀, kó ní: "Ẹ ṣé, mà. Ara mi kì í gba ẹ̀pà, màámi ní kí n kọ́kọ́ fi hàn àwọn." Ẹ jọ máa fi ṣeré nílé, kí bàbá rẹ̀ ṣe àǹtí tó ń fún un ní kúlíkúlí, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ọ̀rẹ́ tó ń bínú, títí kò fi ní í máa ronú kó tó sọ ọ́. Kí ó tún mọ̀ pé bí ẹnu rẹ̀ bá ń yún un tàbí bí ọ̀fun rẹ̀ bá ń ṣe é bákan, kó pariwo, kó má dá nìkan lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọ̀kan nínú ọmọ márùn-ún tí áléjì ẹ̀pà máa ń fi sílẹ̀ bí wọ́n ti ń dàgbà, nítorí náà ẹ máa mú un padà lọ fún àyẹ̀wò bí dókítà bá ṣe ní kí ẹ máa wá. Ní òwúrọ̀ ọ̀la, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwo ẹ̀wà rẹ̀, kí ẹ sì ní kí ilé ìwé fún yín láàyè láti rí alásè.